Orí Kẹfà: CAST, CONVERT tàbí TRY_CONVERT? Bí a ṣe ń yan èyí tó yẹ nínú kúèrì

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi fáìlì kan ránṣẹ́. Inú Excel ló ti kọ ọ́, ó wá sọ ọ́ di CSV. Kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ (oruko), nọ́ńbà àkáǹtì (akanti), ọjọ́ tí ó sanwó (ojo), àti iye tí ó san (iye). Ẹ kó o wọ inú SQL Server, sínú tábìlì tí a óò máa pè ní idawo ní orí yìí, kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ìyẹn nvarchar. Bó ṣe yẹ kó rí ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ kì í kọ ohunkóhun. Ohun tí akápò kọ gan-an lẹ máa bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ṣeé fi ṣírò owó. Bí ẹ bá fi àmì ìròpọ̀ sáàárín '5000' àti '2500' tó jẹ́ ọ̀rọ̀, '50002500' lẹ máa rí. Bí ẹ bá ní kó to iye owó láti orí èyí tó kéré jù, '5000' á ṣáájú '900', torí pé lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń wò.

Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ yí wọn padà. Fọ́ńṣọ̀n mẹ́fà ni SQL Server fún wa fún iṣẹ́ yìí: CAST, CONVERT àti PARSE, pẹ̀lú ìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí TRY wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lo èyí tí ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ń lò, a kò sì tún bi ara wa léèrè mọ́. Ìbéèrè méjì ló yẹ kó pinnu rẹ̀. Àkọ́kọ́: báwo ni wọ́n ṣe kọ nǹkan yìí sílẹ̀, ṣé SQL Server sì lè mọ̀ ọ́n kà láìjẹ́ pé a sọ fún un? Ìkejì ló wúwo jù: bí ìlà kan bá kọ̀ tí kò ṣeé yí padà, ṣé kí gbogbo iṣẹ́ dúró ni, àbí kí ìlà náà kọjá lófìfo? Ẹni tí kò bá dáhùn ìbéèrè kejì yìí kó tó kọ kúèrì ti fi owó ẹgbẹ́ sínú ewu.

CAST àti CONVERT

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ẹ wo execution plan kúèrì tí ẹ fi CAST kọ, CONVERT lẹ máa bá nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀kan yá ju èkejì lọ, ẹ má gbà á gbọ́. Ibòmíràn ni ìyàtọ̀ wọn wà. CAST wà nínú ìlànà SQL tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, PostgreSQL, Oracle àti MySQL sì mọ̀ ọ́n. Bí SQL Server ṣe ń lo CONVERT kò rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. MySQL náà ní CONVERT tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ yí padà ló ń gbà ṣáájú, irú dátà á wá tẹ̀ lé e. SQL Server ń fẹ́ irú dátà ṣáájú:

CAST(iye AS decimal(12,2))
CONVERT(decimal(12,2), iye)

Ohun tí CONVERT ní tí CAST kò ní ni àyè kẹta nínú àkámọ́ rẹ̀, níbi tí a ti ń kọ nọ́ńbà sítáílì. Níbẹ̀ la ti ń sọ fún un bí wọ́n ṣe kọ ọjọ́ tí a fún un. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí ẹ lo CAST fún gbogbo ohun tí kò nílò sítáílì, kí ẹ sì fi CONVERT sílẹ̀ fún ọjọ́ àti àkókò, yálà wọ́n ń ti inú ọ̀rọ̀ bọ̀ ni tàbí wọ́n ń padà di ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ka kóòdù yín lọ́dún tó ń bọ̀ á ti mọ̀ pé ibikíbi tí òun bá ti rí CONVERT, sítáílì kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí òun fara balẹ̀ wò.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ máa kọ ìwọ̀n irú dátà sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ CAST('2750.50' AS decimal) láìfi ìwọ̀n sí i, decimal(18,0) ni SQL Server máa mú. Kò sí àyè fún kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, 2751 lẹ sì máa gbà: owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kò san ti wọnú ìwé. Bí ẹ bá sọ nọ́ńbà 2750.50 di int, àádọ́ta kọ́bọ̀ náà ló máa gé dànù, 2750 á kù. Ní PostgreSQL, CAST kan náà máa fún yín ní 2751, torí òun kì í gé nọ́ńbà báyìí, ńṣe ló máa ń sún un sí odidi tó sún mọ́ ọn jù. Ní ti ọ̀rọ̀, varchar tí a kò kọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú CAST máa ń gba lẹ́tà 30, á sì gé ìyókù láìsọ̀rọ̀. Ẹ tún sọ nọ́ńbà 123456 di varchar(3) kí ẹ wò ó. Àmì ìràwọ̀ kan ṣoṣo, *, ló máa dá padà fún yín.

Àwọn akápò fẹ́ràn kọ́mà. '5,000' kò ṣeé yí sí decimal, àṣìṣe ló máa yọ. Ó ṣeé yí sí money, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń gba orí money kọjá. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí money kì í wo ibi tí kọ́mà wà: '50,00' tí ẹnì kan fi ṣe àádọ́ta náírà máa di ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ fi LIKE '%,%' kó gbogbo ìlà tó ní kọ́mà jáde, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé ẹgbẹ̀rún ni kọ́mà náà ń pín, kí ẹ tó fi REPLACE yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì náírà:

REPLACE(REPLACE(iye, N',', N''), N'₦', N'')

Lẹ́tà N tó wà níwájú àmì àyọlò yẹn ṣe pàtàkì. A óò rí ìdí rẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ọjọ́

Ibi tí àkọsílẹ̀ ti ń bàjẹ́ jù nìyí. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ la kọ́kọ́ ń kọ, oṣù tẹ̀ lé e, ọdún wá gbẹ̀yìn, bí àwọn ará Britain ṣe ń kọ ọ́. SQL Server tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ètò èdè rẹ̀, us_english ló sábà máa ń jẹ́, oṣù ló sì máa ń kà ṣáájú. Akápò kọ 03/04/2024. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ló ní lọ́kàn. CAST(ojo AS date) á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Kò ní pariwo. Ìgbà tó bá dé 13/04/2024 ló tó máa pariwo, torí kò sí oṣù kẹtàlá, àṣìṣe 241 á wá yọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kìíní sí ìkejìlá nínú oṣù méjèèjìlá jẹ́ ọjọ́ 144. Méjìlá nínú wọn, bíi 01/01 àti 02/02, kò yí padà bí a bá tiẹ̀ fi oṣù ṣáájú. Ó ku ọjọ́ 132 nínú ọdún kan tí CAST lè gbé sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó máa ń san owó ní kété tí owó oṣù bá wọlé, tí ìyẹn sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù, fáìlì náà lè wọlé tán láìsí àṣìṣe kan, kó sì jẹ́ pé ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Sítáílì 103 ni oògùn rẹ̀:

CONVERT(date, ojo, 103)

Ọjọ́, oṣù, ọdún, pẹ̀lú àmì / láàárín wọn, ni 103. Ti Amẹ́ríkà ni 101, tó ń fi oṣù ṣáájú. Àwọn ará Jámánì tó ń fi àmì ìdánudúró pín in ní 104. Èyí tó kọ ọdún, oṣù àti ọjọ́ pọ̀ láìsí àmì kankan láàárín ni 112. Àwọn wọ̀nyí tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ kọ SET DATEFORMAT dmy sókè, kí ẹ wá máa lo CAST lọ. Ó ń ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbé ìtumọ̀ kúèrì kúrò nínú kúèrì. Ẹni tó bá ṣe àdàkọ ìlà CAST náà lọ sínú iṣẹ́ mìíràn kò ní rántí gbé SET náà dání, ọjọ́ rẹ̀ á sì yí. Nọ́ńbà 103 kò lè já bọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọdún tí a kọ ní nọ́ńbà méjì. Sítáílì 3 ló wà fún 12/05/48, ṣùgbọ́n bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, SQL Server ń ka 00 sí 49 sí ọdún 2000 lọ sókè, ó sì ń ka 50 sí 99 sí ọdún 1900 lọ sókè. Bí ọjọ́ ìbí bá wà nínú fáìlì yín, bàbá tí wọ́n bí lọ́dún 1948 á di ẹni tí wọn kò tíì bí, ọdún 2048 ló máa gbà. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò ní sítáílì tó lè gbà á là. Ẹ dá a padà, kí wọ́n kọ ọdún rẹ̀ pé.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, tí ẹ bá ń kọ ọjọ́ sínú WHERE? Ẹ kọ ọ́ báyìí: '20240403'. Bí a ṣe ń kọ ọ́ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kì í yí padà láé nìyẹn, èdè yòówù kí sáfà náà máa lò. Ọ̀pọ̀ gbà pé '2024-04-13' náà kò léwu. Lóòótọ́ ni, fún date àti datetime2. Fún datetime àtijọ́, bí ètò èdè bá jẹ́ British, SQL Server á ka 04 sí ọjọ́, á wá oṣù kẹtàlá, á sì kọ̀.

Nígbà tí ìlà kan bá kọ̀

Ọdún 2012 ni TRY_CAST, TRY_CONVERT àti TRY_PARSE dé sínú SQL Server. Bí ìyípadà kò bá ṣeé ṣe, wọn kì í dá iṣẹ́ dúró, NULL ni wọ́n ń dá padà. Bí akápò bá kọ 31/02/2024, tàbí tó kọ “kò tíì san” síbi ọjọ́, CONVERT á pa gbogbo kúèrì rẹ́. TRY_CONVERT á fi NULL síbẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìtura ńlá ni lójú ẹni tí àṣìṣe ti ń dààmú láti àárọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ sì wà. SUM kì í ka NULL. Bí ẹ bá kọ SUM(TRY_CAST(iye AS decimal(12,2))), gbogbo ẹni tí iye tirẹ̀ ní kọ́mà ti bọ́ sílẹ̀ nínú àròpọ̀, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín pé owó náà ò pé ju ìkìlọ̀ kékeré kan nípa NULL lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ètò kì í tilẹ̀ fi hàn. Ọmọ ẹgbẹ́ sanwó, ìwé ní kò san.

Bí mo ṣe ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n fi TRY ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n má fi ṣe ìkówọlé. Ẹ kọ́kọ́ fi í wá àwọn ìlà tó kọ̀:

SELECT oruko, ojo, iye
FROM idawo
WHERE (TRY_CONVERT(date, ojo, 103) IS NULL AND ojo IS NOT NULL)
   OR (TRY_CAST(iye AS decimal(12,2)) IS NULL AND iye IS NOT NULL);

Ohun tó bá jáde níbẹ̀, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí kúèrì yìí kò bá mú ìlà kankan wá mọ́, ẹ wá fi CONVERT àti CAST lásán kó dátà náà lọ sínú tábìlì gidi. Bí ohun kan bá tún ṣẹ́kù tó burú, ẹ fẹ́ kó pariwo. Owó ni.

Ibi tí TRY ti yẹ títí láé tún wà: ìròyìn tí ẹnì kan kàn fẹ́ wò lásán, tàbí kọ́lọ́ọ̀mù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó lè ṣófo láìpa ẹnikẹ́ni lára.

TRY kì í mú ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ òfìfo, '', kì í kọ̀ rárá bí ẹ bá ń yí i sí int tàbí sí ọjọ́: int á sọ ọ́ di 0, date á sì sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Decimal ní tirẹ̀ kì í gbà á. Ìdí nìyí tí ọdún 1900 fi ń yọjú nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn tí kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Ẹ fi NULLIF dí ọ̀nà náà:

TRY_CONVERT(date, NULLIF(ojo, N''), 103)

ISNUMERIC wà nínú kóòdù àtijọ́ tó pọ̀, àwọn tó kọ ọ́ sì gbà pé ó tó láti yẹ̀ wò bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣeé sọ di nọ́ńbà. Kò tó. ISNUMERIC á dáhùn 1 fún '$', fún '-', fún '.' nìkan, àti fún '1e5'. Bí ẹ bá tilẹ̀ kọ WHERE ISNUMERIC(iye) = 1 AND CAST(iye AS int) > 5000, SQL Server kò ṣèlérí pé òun á ṣe apá òsì kí òun tó ṣe apá ọ̀tún. Ó lè kọ́kọ́ yí i padà, kí àṣìṣe sì yọ kó tó dé orí àyẹ̀wò. TRY_CAST(iye AS decimal(12,2)) tán ìṣòro méjèèjì.

PARSE àti TRY_PARSE kò gba àlàyé gígùn. Inú .NET ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n lè ka 'Wednesday, 3 April 2024' tí ẹ bá fi USING 'en-GB' sí i, èyí tí CAST kò lè kà. Wọ́n sì lọ́ra. Fún ìlà mélòó kan, kò burú; fún tábìlì tó ní mílíọ̀nù ìlà, ẹ yẹra fún wọn. Ohun kan náà ni mo ní láti sọ nípa FORMAT, èyí tí àwọn ènìyàn ń lò láti ṣe ọjọ́ lẹ́wà lójú. Ètò tó ń fi ìròyìn han ènìyàn ló yẹ kó ṣe ẹwà yẹn.

Nọ́ńbà tí kì í ṣe nọ́ńbà

Ẹ má yí nọ́ńbà àkáǹtì padà. Àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà jẹ́ nọ́ńbà mẹ́wàá, òdo sì ló bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá sọ '0123456789' di int, 123456789 lẹ máa ní lọ́wọ́, nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí báńkì kankan kò mọ̀. Èyí tó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè wọ inú int rárá, torí 2147483647 ni òpin rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù, NIN àti BVN, tí gbogbo wọn jẹ́ mọ́kànlá, wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ohun tí a kì í rò pọ̀, tí a kì í yọ nínú ara wọn, ọ̀rọ̀ ni.

Bí ẹ bá kó Excel wọlé tààrà dípò CSV, kọ́lọ́ọ̀mù àkáǹtì lè ti di float kó tó dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá wá fi CAST sọ ọ́ di varchar(20), '1.23457e+008' lẹ máa rí, nọ́ńbà ìparí rẹ̀ sì ti lọ. Ẹ gba orí bigint kọjá, kí ẹ wá fi òdo iwájú padà sípò:

RIGHT('0000000000' + CAST(CAST(akanti AS bigint) AS varchar(10)), 10)

Ẹ tún máa ṣọ́ ìyípadà tí ẹ kò pàṣẹ. WHERE akanti = 0123456789, láìsí àmì àyọlò, á mú kí SQL Server sọ gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù akanti di int kó tó fi wọ́n wé ara wọn, torí pé int ga ju nvarchar lọ nínú ìtòsípò rẹ̀. Atọ́ka tí ẹ ṣe sórí akanti kò wúlò mọ́, ìlà kan tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀ sì ti tó láti pa kúèrì náà. Àmì àyọlò méjì péré ló máa gbà yín. Bákan náà, kọ́lọ́ọ̀mù varchar tí ètò yín ń fi nvarchar béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń di nvarchar ní ìlà dé ìlà. Draifà JDBC ti Microsoft ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bíi nvarchar àyàfi tí ẹ bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí CONVERT_IMPLICIT nínú execution plan, ẹ wá ìdí rẹ̀.

Orúkọ

Èyí kàn wá gan-an. Bí ẹ bá sọ N'Ṣọlá' di varchar lórí dátábéèsì tó ń lo ètò lẹ́tà Latin1, '??lá' ló máa jáde. Kò sí Ṣ àti ọ nínú àwọn lẹ́tà tí varchar yẹn mọ̀. Lẹ́tà á wà nínú wọn ní tirẹ̀, torí náà ó bọ́. Kò sí àṣìṣe, TRY_CAST kò sì ní ká a mọ́, torí lójú SQL Server, ìyípadà náà ti yọrí. Ohun tó bá sì ti di ? kò ṣeé dá padà. Bí ẹ bá gbàgbé N níwájú àmì àyọlò, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé kọ́lọ́ọ̀mù rárá, bí kọ́lọ́ọ̀mù náà tilẹ̀ jẹ́ nvarchar. Àmì ₦ náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Láti SQL Server 2019, varchar lè gba lẹ́tà Yorùbá bí ẹ bá yan ètò lẹ́tà (collation) tí orúkọ rẹ̀ parí sí _UTF8. Bí ẹ kò bá lo èyí, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ nínú nvarchar.

Bí kì í bá ṣe SQL Server

PostgreSQL ní CAST, ó sì ní àmì :: tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Fún ọjọ́, to_date(ojo, 'DD/MM/YYYY') ni ẹlẹgbẹ́ sítáílì 103, ó sì rọrùn láti kà ju nọ́ńbà lọ. Láti ẹ̀dà 16, pg_input_is_valid á sọ fún yín bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣeé yí padà kí ẹ tó yí i. Oracle ní TO_DATE àti TO_NUMBER, àti láti 12.2, ẹ lè kọ DEFAULT NULL ON CONVERSION ERROR sínú wọn. MySQL ni kí ẹ ṣọ́ jù: CAST('12abc' AS SIGNED) nínú SELECT á fún yín ní 12 pẹ̀lú ìkìlọ̀ lásán, kò ní kọ̀. STR_TO_DATE ló ní fún ọjọ́.

Lórí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ kúèrì àwọn ìlà tó kọ̀ kí ẹ tó kọ ti ìkówọlé, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ han akápò kí ẹ tó fọwọ́ kan tábìlì tó ní owó àwọn ènìyàn nínú.